Àwọn Tó Ń Jókòó, Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́: Bí A Ṣe To Mùsíọ̀mù Wa ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agboolé tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní bá ọmọ ẹni tó rin ọ̀nà Gáńà. Tamale, Kumasi, Accra, ibẹ̀ ni àwọn bàbá àti ìyá wa ti ná ọjà. Nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Gáńà sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tí apá ká ni wọ́n gbé bọ̀: àpótí páànù, òṣùwọ̀n, fọ́tò, ìwé ìrìnnà, aṣọ kẹ́ńtè. Àwọn ẹrù yìí ló pọ̀ jù nínú mùsíọ̀mù kékeré wa, tó wà nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ kan tí ẹbí kan yọ̀ǹda. Ohun èlò aṣọ òfì àti ti ọdẹ ló tẹ̀lé e.

Ẹrù ò wọ́n wa rárá. Ẹni tí yóò jókòó lé e lórí ló di ìjà. Ẹgbẹ́ tó dá mùsíọ̀mù náà sílẹ̀ wá ní kí èmi akọ̀wé wọn lọ to ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé: ta ló ń ṣàkóso, ta ló ń ṣiṣẹ́, kí ni ti ẹni tó ni ẹrù.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jókòó, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò ní forúkọ wa sílẹ̀ láìrí orúkọ àwọn alámòójútó, ìyẹn àwọn tọrọ́sítíì. Ọ̀nà náà kò ṣòro, ó kàn fa sùúrù. Ẹ ó mú orúkọ wá, ẹ ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ ó polówó nínú ìwé ìròyìn méjì tí ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń kárí orílẹ̀-èdè, ẹ ó sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnikẹ́ni máa ta kò yín. Ọmọdé kò lè ṣe tọrọ́sítíì, ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ìwà jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn náà kò lè ṣe é.

Orúkọ wá pọ̀ ju àga lọ. Gbogbo ẹbí tó fún wa ní ohun kan ló fẹ́ kí baálé wọn wọlé. Ìgbà tí mo ka apá kan nínú CAMA, òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti ọdún 2020, sí wọn létí ni ilé fúyẹ́: ẹni tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso kò gbọ́dọ̀ di ipò tí ẹgbẹ́ ń sanwó fún. Ẹ lè gba owó ọkọ̀ tí ẹ ná fún iṣẹ́ ẹgbẹ́ padà, àmọ́ owó oṣù, rárá. Àwọn kan ní àwọn ń bọ̀, wọn ò sì padà wá. Mi ò lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá ń retí owó níbi tí àwa fúnra wa ti ń dáwó ra àgádágodo, ó sàn kó tètè mọ̀.

A mú èèyàn méje. Mọ́gàjí kan wà níbẹ̀ fún ẹbí tó ni ilé, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, oníṣirò owó kan, ìyálọ́jà kan tí wọ́n bí sí Tamale, olùkọ́ kan láti yunifásítì LAUTECH, lọ́yà kan, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n kọ́kọ́ ní ó kéré jù. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa lò, ẹ̀ẹ̀mejì péré. Bàbá kan dìde pé, "Ìwọ akọ̀wé yìí, wọ́n ń yọ baálé ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ ò ní kúrò lórí oyè yín láé. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báńkì la fẹ́ máa pààrọ̀." Ìyẹn ló bí ìjókòó àwọn àgbà. Wọn kì í dìbò lórí owó, ṣùgbọ́n ohun awo kankan kò gbọ́dọ̀ jáde síta láìgbọ́ tẹnu wọn. Kò pẹ́ tó fi wúlò: ọ̀dọ́ kan fẹ́ gbé ẹ̀kú eégún ilé wọn wá fún wa, àwọn àgbà ní kó dá a padà sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì yà á ní fọ́tò. Ó dùn wá díẹ̀, a gbà.

Òṣìṣẹ́ kò tó nǹkan. Alábòójútó wa jẹ́ olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì, ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀ ló ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ mùsíọ̀mù délẹ̀, Jos ló yẹ kó lọ, níbi tí NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ti ní ilé ẹ̀kọ́. Owó ìyẹn ò tíì sí. A rán an lọ sí Ẹ̀sìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara dípò rẹ̀, mùsíọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣí ní 1945, kó lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lójú tèmi, ẹni tó ń kọ rẹ́jísítà ni ọ̀pá ilé. Gbogbo ẹrù ló ń fún ní nọ́ńbà: ọdún tó wọlé, ẹni tó mú un wá, nọ́ńbà ẹrù náà. Ó ń kọ ibi tó ti wá àti bó ṣe rí lọ́jọ́ tó dé, ó ń yà á ní fọ́tò. Kì í fi bírò kọ nǹkan sára fọ́tò, pẹ́ńsù ló ń rọra lò lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ, á kọ nọ́ńbà sórí ìrépé aṣọ funfun, á rán an mọ́ etí rẹ̀. Ẹ̀dà ìwé náà wà nílé mìíràn, nítorí iná. Lórí ewé kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ hàn bóyá ẹ̀bùn ni tàbí wọ́n kàn yá wa, àti títí dìgbà wo. Àwọn ọmọ ìyá àgbà kan wá fi ariwo béèrè òṣùwọ̀n rẹ̀, pé a ti tà á. A ṣí ìwé: ìyá yá wa fún ọdún márùn-ún, ó tẹ ìka, àkọ́bí wọn ló sì ṣe ẹlẹ́rìí. Òun náà ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ni mo fún níṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Òun ló ń tẹ̀ ba lábẹ́ àpótí, òun ló máa kọ́kọ́ rí ipa ikán àti ìyẹ̀fun igi. A ra ìwé kan fún un, ohun tó bá rí ló ń sọ fún ọmọbìnrin tó ń kọ rẹ́jísítà pé kó kọ. Ọlọ́dẹ ń ṣọ́ ọgbà, kò mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù. Àgádágodo méjì ló wà níbẹ̀, ọwọ́ alábòójútó ni kọ́kọ́rọ́ kan wà, ọwọ́ akápò ni èkejì, torí náà kò sẹ́ni tó lè dá wọlé.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti kópà ló ń mú àlejò káàkiri. Òfin tiwọn ni pé kí wọ́n má fi iyọ̀ sí ìtàn. Bí ẹbí méjì bá sọ ọ́ lọ́nà méjì, kí wọ́n sọ méjèèjì.

Ọkùnrin kan gbé ère àtijọ́ kan wá láti tà. Alábòójútó fẹ́ rà á. Lọ́yà wa ló dá a dúró: iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ṣe ṣáájú 1918, tàbí èyí tí wọ́n ti lò rí nínú ètùtù, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló lè rà á, àfi ẹni tí NCMM fún láṣẹ. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sínú òfin wa lọ́jọ́ náà pé a kì í ra ère. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ dúró gbọ́ àlàyé.

Ìwé ẹ̀rí CAC ti dé báyìí. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ìyálọ́jà ní kí a dá ọ̀rọ̀ férémù ìwé ẹ̀rí dúró, kí a kọ́kọ́ san gbèsè owó oṣù ọlọ́dẹ. Wọ́n dìbò, mọ́gàjí nìkan ló fẹ́ férémù. Akápò kọ ṣẹ́ẹ̀kì, alága fọwọ́ sí i, a tú ká.