Ẹ má fi òṣùwọ̀n àgbà eku wọn ọmọ rẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí EEG

Ìdákẹ́ ló ń ṣi àwọn tó ń gba EEG (àkọsílẹ̀ iná mànàmáná inú ọpọlọ) ọmọ eku lọ́nà jù. Ojú ti mọ́ wọn lára ìgbì ọpọlọ àgbà eku tí kì í sinmi. Wọ́n wá wo ti ọmọ ọjọ́ 5, wọ́n rí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n ní wáyà ti já tàbí pé ọmọ ọ̀hún ń kú lọ. Rárá o. Bí ọpọlọ ọmọ eku ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn: á rú sókè díẹ̀, á tún dákẹ́. Ìdákẹ́ náà á ti dín kù gan-an kí ojú rẹ̀ tó là ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Ẹ má gé e dànù, ara àbájáde ni.

Àmọ́ òtútù náà lè pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ eku kò tíì nírun, kò sì lè mú ara rẹ̀ móoru. Ẹ yọ ọ́ lábẹ́ ìyá rẹ̀ sórí tábìlì lásán, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi tutù. Ẹ tẹ́ ohun tó móoru sábẹ́ rẹ̀, bíi 33 sí 35°C, kí ẹ sì fi tẹmómítà wò ó. Ìfọwọ́kàn kò tó. Oògùn akunnilóorun bíi isoflurane náà ń tẹ ìrúsókè yìí rì. Ẹ jẹ́ kó kúrò lára rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó gba EEG rẹ̀.

Bó bá ń sùn, ẹsẹ̀ àti irù rẹ̀ a máa gbọ̀n fìrí. Ẹ má kánjú pè é ní gìrì. Oorun ni, ìgbọ̀n yẹn gan-an sì máa ń ru ọpọlọ rẹ̀ sókè. Ẹ ya fídíò, kí aago rẹ̀ bá ti ẹ̀rọ mu.

Asẹ́ inú ẹ̀rọ tó ń gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 1 Hz (ìgbì ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á gbé ìgbì tó lọ́ra lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọpọlọ ọmọdé.

Agbárí rẹ̀ rọ̀, ó sì ń dàgbà lójoojúmọ́. Ìwọ̀n inú àwòrán ọpọlọ àgbà kò bá a mu, síkúrù tí wọ́n fi ń de wáyà mọ́ agbárí sì lè gún ọpọlọ. Ẹ lo wáyà tín-ín-rín àti sìmẹ́ǹtì eyín díẹ̀, torí ọmọ tí orí rẹ̀ wúwo kò ní lè mu ọmú. Ẹ fi koríko ìtẹ́ wọn ra ara rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà, kí ìyá má baà kọ̀ ọ́.

Níkẹyìn, àwọn kan ń pe ọjọ́ ìbí ní ọjọ́ 0, àwọn mìíràn ní ọjọ́ 1. Ẹ kọ èyí tí ẹ lò sílẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ láti inú ìyá kan náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.