Bí Ẹ Ṣe Lè Jàǹfààní Ohun Tuntun ní Ilé Ìkàwé Mùsíọ̀mù Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá wọ mùsíọ̀mù sáyẹ́ǹsì máa ń wo ẹ̀rọ inú àpótí onídígí, wọ́n á ka àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ, láìmọ̀ pé ilé ìkàwé kan lè wà nínú ọgbà kan náà, níbi tí wọ́n ti tọ́jú ìwé tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ilé ìkàwé wọ̀nyí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ti Deutsches Museum ní Munich, ní orílẹ̀-èdè Jámánì, tí ìwé inú rẹ̀ sún mọ́ mílíọ̀nù kan, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tuntun níbẹ̀. Lẹ́tà tí a kọ ní ọdún 1850 lè jẹ́ ohun tuntun lónìí, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú kátálọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà ní ilé ìkàwé. Nítorí náà, bí kátálọ́ọ̀gì bá fàyè gbà á, ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé kún un ni kí ẹ fi to ohun tí ẹ rí, ẹ má ṣe fi ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tò ó.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ ti ara ohun tí ẹ fojú rí dé inú ìwé. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo nínú àfihàn, kí ẹ sì da nọ́ńbà tí mùsíọ̀mù fún un kọ. Nọ́ńbà Rocket, ọkọ̀ ojú irin tí George Stephenson àti Robert ọmọ rẹ̀ ṣe ní 1829, ni 1862-5. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò rí i pé ọdún 1862 ni wọ́n gbà á wọlé. Ẹ wá nọ́ńbà náà, orúkọ ẹni tó ṣe ohun náà, àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó tà á, lọ́kọ̀ọ̀kan; bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé bóyá wọ́n ní ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń polówó ẹ̀rọ wọn, àti èyí tó ń kọ́ oníbàárà bí a ṣe ń lò ó. Àwọn wọ̀nyí ni mo kà sí ìṣúra jù lọ, nítorí pé ilé ìkàwé mìíràn kì í sábà tọ́jú wọn: ẹni tó ra ẹ̀rọ á lò ó gbó, á sì ju ìwé rẹ̀ nù. Inú wọn la ti ń mọ iye tí wọ́n ń ta máíkírósíkóòpù (ẹ̀rọ tó ń mú kí ohun kékeré hàn ní ńlá), irú ẹni tí wọ́n rò pé yóò rà á, àti apá tó máa ń tètè bàjẹ́, torí pé òun ni wọ́n ń tà lọ́tọ̀ ní ẹ̀yìn ìwé.

Ẹ má ṣe lọ láìkọ̀wé ṣáájú, nítorí pé ìwé àtijọ́ lè wà níbi tó jìnnà sí yàrá ìkàwé. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé náà, ìdí tí ẹ fi fẹ́ rí i, àti ọjọ́ tí ẹ ó wá. Bí ẹ bá débẹ̀, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, torí pé yíǹkì bírò kì í ṣeé nù kúrò lára bébà. Ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ọwọ́ mímọ́ sàn fún bébà ju ìbọ̀wọ́ lọ, nítorí pé ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ìka mọ bí bébà ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ti fọ́tò yàtọ̀, ìbọ̀wọ́ ló yẹ ẹ́. Ibi tó gba ìṣọ́ra jù ni àwòrán tí a ká pọ̀. Nínú ìwé tí Robert Hooke, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1665 nípa ohun tí ó fi máíkírósíkóòpù rí, àwòrán kòkòrò kékeré kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí a ká nítorí pé ó tóbi ju ìwé náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tú u díẹ̀díẹ̀. Irun ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ohun tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí yóò fi gba gbogbo iwájú yín.

Ẹni tí kò lè rìnrìn àjò kò pàdánù. Biodiversity Heritage Library, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìwé nípa ohun alààyè, tí Natural History Museum ti Lọ́ńdọ̀nù àti Smithsonian, àjọ tó ni ọ̀pọ̀ mùsíọ̀mù ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ti gbé ojú ewé tó lé ní mílíọ̀nù 60 sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 2013 ni Smithsonian sì ti ń pe ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ láti bá wọn ka ìwé àfọwọ́kọ àwọn onímọ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé kan. Bí ẹ kò bá lè ka ọ̀rọ̀ kan, ẹ sàmì sí i, ẹ má ṣe méfò, nítorí pé ẹlòmíràn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn yín.

Ní ti ìpàdé àti àsọyé tí ilé ìkàwé bá ń ṣe, èyí tí wọ́n bá ti fẹ́ gbé ìwé sórí tábìlì ni kí ẹ yàn. Ẹ tètè dé, ẹ jókòó sítòsí tábìlì, kí ẹ sì bi òṣìṣẹ́ náà bóyá ó lè ṣí ojú ewé mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà ní ṣíṣí.