Tí Striga bá ń jẹ ẹ̀wà yín, ẹ wo gbòǹgbò, ẹ má wo ewé

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń dáko lókè ọya níbí, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ni mo bá dé. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbin ẹ̀wà ní Kano, òjò ń rọ̀ dáadáa o, àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán, gbogbo ewé á rọ wọ̀ọ̀ bí ẹni tó gbààwẹ̀, mo ní ajílẹ̀ ni ò tó, mo ra fatiláísà dà sí i, owó yẹn gbé. Nígbà tó yá ni mo rí òdòdó kékeré kan tó ń yọ láàárín ẹ̀wà, àwọ̀ ẹ̀ dà bí àwọ̀ pọ́pù, mo tiẹ̀ ní ó rẹwà (ẹ má dá mi lóhùn). Mallam tó ń bá mi kọ ebè ló wò ó tó mirí, ó ní "wuta-wuta". Iná nìyẹn lédè Hausa.

Striga ni, koríko kan tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn bí àfòmọ́, tó ń fa oúnjẹ ẹ̀ mu. Àfòmọ́ tá a mọ̀ nílé, orí igi kòkó àti obì ló ń gbé, ìyẹn la ṣe ń sọ pé àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Èyí ò bá igi gbogbo tan ní tiẹ̀, ó mọ ẹni tó ń wá. Èyí tó ń jẹ ẹ̀wà ni Striga gesnerioides, èyí tẹ́ ẹ máa ń rí nínú àgbàdo, ọkà bàbà àti jéró ni Striga hermonthica, wọn kì í jẹ oúnjẹ ara wọn. Ẹnìkan tún wà tó ń jẹ́ Alectra, òdòdó tiẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ìyẹn ò mọ ẹ̀wà nìkan, ó ń jẹ ẹ̀pà àti sóyà pẹ̀lú.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ nìyí. Èso ẹ̀ kéré bí eruku, ó lè sùn sínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Gbòǹgbò ẹ̀wà fúnra ẹ̀ ló ń jí i. Tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, ò bá tó nínú ilẹ̀, gbòǹgbò á tú nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní strigolactone, ó ń fi pe àwọn ẹ̀yà olú abẹ́ ilẹ̀ tó máa ń bá a wá oúnjẹ, àfi kí Striga gbọ́, kó sì jẹ́ ìpè tí kì í ṣe tiẹ̀. Á hù, á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò, á lu ú wọlé, tó bá ti kan ibi tí omi ń gbà, ó parí, á wú bíi kókó, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan lókè.

Ẹ̀wà tí Striga ò lè rí jẹ náà ń jí i o, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ bó ṣe ń lu ú wọlé báyìí, ibi tó gbà wọlé yẹn á pa ara ẹ̀, á dúdú, bí onílé tó fọwọ́ ara ẹ̀ wó yàrá tólè wọ̀, ebi á pa Striga kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Àwọn ẹ̀wà míì máa ń jẹ́ kó wọlé ṣùgbọ́n kókó ẹ̀ ò ní ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọdún 2009 ni àwọn onímọ̀ rí ọ̀kan nínú àwọn jíìnì (àbùdá àjogúnbá inú irúgbìn) tó ń ṣe é, RSG3-301, lára ẹ̀wà B301 tó wá láti Botswana.

Ibi tó ti ń dojú rú ni pé Striga náà ní ìran ìran. Tiwa ní Nàìjíríà ni SG3. Ẹ̀wà Suvita-2 ń dúró lójú Striga ní Burkina Faso àti Mali, tẹ́ ẹ bá gbé e wá síbí, wọ́n á jẹ ẹ́. B301 gan-an, Striga tó wà ní Zakpota ní Benin ti borí ẹ̀. Torí náà, ẹ̀wà tí ẹ̀gbọ́n yín kan gbé wá láti òkè òkun tàbí ibodè, ẹ dán an wò ná.

Èyí tí mo ń gbìn báyìí ni SAMPEA 10, ọdún 2008 ni wọ́n gbé e jáde, Striga àti Alectra ò lè rí i jẹ. Àmọ́ ẹ̀wà ò ní orúkọ lójú. Ọkùnrin kan ta "SAMPEA" fún mi, àdàlù ẹ̀wà jíjẹ ló wà nínú láílọ́ọ̀nù yẹn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa dán an wò ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ lu ihò sídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ẹ bu ilẹ̀ ibi tí Striga ti pọ̀ jù lóko sí i. Ẹ máa fomi rin ín fún bí ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó gbìn, torí èso Striga gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rinrin díẹ̀ kó tó lè hù, tẹ́ ẹ bá fo ibí yìí, ẹ̀wà tó burú gan-an lè yege. Ẹ gbin ẹ̀wà tuntun sí ọ̀kan, ẹ gbin ẹ̀wà ọjà lásán sí èkejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ẹ má fà á tu o! kókó á já sínú ilẹ̀ lẹ́ ẹ bá sọ pé ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ ri gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì sínú omi títí erùpẹ̀ á fi rọ̀, kẹ́ ẹ fi omi ṣan gbòǹgbò díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí kókó róbótó kan tó jẹ́ ti ẹ̀wà fúnra ẹ̀, tó máa ń fún un lókun, tẹ́ ẹ bá là á, inú ẹ̀ á pupa, ìyẹn ò burú. Ti Striga funfun tàbí pupa rúsúrúsú, ó le, ó sì máa ń ní èéhù tó ń yọ jáde. Tí ẹ̀wà ọjà bá ní i tí tuntun ò ní, àmì dúdú wínníwínní nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ lọ gbìn ín. Tí ẹ̀wà ọjà náà ò bá ní i, ìdánwò yẹn ò kà, ilẹ̀ yẹn ló mọ́.

Lóko, ẹ fi ọkà bàbà tàbí jéró pààrọ̀ ọdún mọ́ ẹ̀wà, ẹ da ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa sí i. Tí Striga kan bá yọ, ẹ fà á kó tó tanná, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ẹ kó o jọ kẹ́ ẹ sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ ẹ́, torí èso ẹ̀ lè gba inú ẹran kọjá kó má kú, ìgbẹ́ yẹn náà lẹ máa kó padà sóko.