Ìdọ̀tí Ọ́fíìsì Wa àti Màmá Tó Ń Gbálẹ̀

Ọ̀gá wa ní Ìkẹjà ló ní ká lọ gbin igi síwájú ilé ìwé kan, ká ya fọ́tò, kí aráyé lè rí i pé ilé iṣẹ́ wa ń ṣe nǹkan fún àwùjọ. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gọ́tà ẹ̀yìnkùlé wa ná." Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún un dẹ́nu. Wọ́n ní ó dáa, kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo tẹ́ tapólì, mo da ìdọ̀tí ọjọ́ kan sórí rẹ̀. Àpò omi mẹ́ta là ń mu lójúmọ́, ọ̀rá 20 nínú àpò kan. 54 péré ni mo kà. Ẹ mọ ibi tí mẹ́fà tó kù wà. Abọ́ fóòmù funfun kò sí níbẹ̀, ìjọba Èkó ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024. Ike oúnjẹ tó le ló gbapò rẹ̀, a sì ń sọ òun náà nù.

Mo gbé garawa mẹ́ta kalẹ̀: ti ọ̀rá, ti ike, ti bébà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkùnrin tó ń ra ọ̀rá dé, ó kiwọ́ bọ àpò, ó fà á yọ kíá. Ó lóun kì í ra omi. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń rà á, omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sì ti ń rùn. Láti ìgbà náà la ti ń gé ìdí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, à ń gbọn omi rẹ̀ dànù, a sì ń sá a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ ọmọ tuntun.

Àfi bí Màmá tó ń gbálẹ̀ ò ṣe dáhùn ìkíni mi dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀: "Mà, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Ọ̀gá mi, ike tẹ́ ẹ̀ ń kó yẹn, òun ni mo fi ń wọkọ̀ relé."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí wọ́n ti ń ṣà á tà, kí n tó gbé garawa mi dé. Ojú tì mí gan-an. Mo padà tọ ọ̀gá lọ, a sì gbà pé Màmá ló ni owó ike àtọ̀rá. Tiwa ni ká yà á sọ́tọ̀, ká sì sá a.

Kílò 9 ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Bí wọ́n ṣe ń di àpò náà, wọ́n fa ọ̀rá kan yọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ti akáńtà nìyí. Mo mọ bó ṣe máa ń feyín já a."