Ẹ mọ ohun tó bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó dá owó lífítì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ra fúláàtì sínú ilé kan náà l'Óṣogbo, tí lífítì ti ń há yín mọ́ àárín òkè kejì sí ìkẹta, ẹ má tíì ní kẹ́nikẹ́ni san kọ́bọ̀. Owó tó pọ̀ kọ́ ló ń dájà sílẹ̀ jù, owó tí wọ́n dá láìmọ ohun tó bàjẹ́ ni.

Ẹ wá ẹnjiníà tí ò ní gbaṣẹ́ náà, ẹ sanwó àyẹ̀wò fún un, torí ẹni tó ń wáṣẹ́ lè sọ pé gbogbo ẹ̀ ti kú. Irin tí lífítì ń bá rìn lára ògiri kì í sábà bàjẹ́, ẹrù tó ń sọ̀ bí lífítì bá ń gòkè náà kì í sábà bàjẹ́, kí ló dé tẹ́ ẹ máa rà wọ́n? Ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ wò dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ojú irin tóóró tó ń yọ̀ lórí ẹ̀, ẹ ó rí yanrìn, ẹ ó rí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́bẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní lè pa dé tán, lífítì ò sì ní gbéra, ìyẹn sì lè má ju gbígbá lọ. Okùn wáyà yàtọ̀ o, tí fọ́nrán ẹ̀ bá ti ń já síta bí irun, ẹ má lò ó mọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Iná wá ńkọ́? Òṣogbo yìí náà ni wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, áfù kọ́rẹ́ǹtì ṣì ń bá wa fínra. Fésì kan lè lọ lójijì, kọntírólà tuntun (àpótí tó ń darí lífítì) tẹ́ ẹ fowó ńlá rà á sì jóná. Bílì tí ò bá ní ohun tó ń ṣọ́ fésì nínú, àti bátìrì tó máa gbé lífítì dé òkè tó sún mọ́ ọn jù kó sì ṣílẹ̀kùn tí iná bá lọ, ẹ dá a padà.

Ẹ gba bílì 3, kí wọ́n kọ páàtì sọ́tọ̀, wọkimaṣíìpù sọ́tọ̀, owó ọkọ̀ àti hòtẹ́ẹ̀lì àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó sọ́tọ̀ (ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó nǹkan pamọ́ sí). Torí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra páàtì, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni iye yẹn máa dúró, kí wọ́n kọ ọ́ síwèé.

Ó wá ku bẹ́ ẹ ṣe máa pín in. Àwọn ìsàlẹ̀ máa ní àwọn ò gun lífítì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lífítì tó ń ṣiṣẹ́ ń gbé owó fúláàtì tiwọn náà sókè. Ìdajì ni mo fara mọ́. Ká ní fúláàtì 16 ni, 4 wà nísàlẹ̀, bílì jẹ́ ₦12,000,000, ẹ fi ₦2,000,000 lé e fún ohun tí wọ́n máa bá pàdé tí wọ́n bá tú u: àwọn òkè á san ₦1,000,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ìsàlẹ̀ ₦500,000. Àkáǹtì tí èèyàn 2 máa fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe ti alága.

Ẹ má sanwó tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ di díẹ̀ mú títí wọ́n á fi paná lójú yín nígbà tí lífítì wà lórí ìrìn, kẹ́ ẹ rí i bóyá ilẹ̀kùn ṣí. Kó sì ti wà nínú àdéhùn pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò àtijọ́ tó ń fa lífítì tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀, kọ́pà inú ẹ̀ owó ni, àwọn oníṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀.