Ìrírí Mi Lórí Àwọn Móòdù Ohùn Tó Wà Lára Risífà Hóòmù Tíátà

Ẹ̀gbọ́n mi fi risífà tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń pín in fún àwọn spíkà, ránṣẹ́ sí Bàbá wa ní ilé wa tó wà nítòsí Òkè Ìtasẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú spíkà márùn-ún àti sọ́búwúfà kan, ìyẹn spíkà ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo. Wáyà síso kò fún mi ní wàhálà, nítorí pé àwọ̀ tó wà lára ihò kọ̀ọ̀kan ti fi spíkà tó ni ín hàn. Ohun tó gba ìrònú ni bọ́tìnì kan ṣoṣo lórí rìmóòtù, tó jẹ́ pé bí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni orúkọ móòdù, ìyẹn ọ̀nà tí risífà ń gbà gbé ohùn jáde, ń yí padà lójú rẹ̀: Stereo, Multi Channel Stereo, Dolby Digital, Pro Logic II Movie, Pro Logic II Music, DTS Neo:6, Hall, Jazz Club, Stadium. Bí orúkọ ti ń yí ni ohùn inú yàrá ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá bi mí pé, “Àjàní, èwo nínú gbogbo wọn ni ká fi í sí?” N kò fẹ́ dá wọn lóhùn pé kí wọ́n mú èyí tó bá ti dùn létí wọn, nítorí pé èyí tó dùn fún orin lè ba eré jẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ohùn kí n tó yan èyíkéyìí.

Inú ohun tó ń wọ risífà ni ìdáhùn náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ohun tó ń jáde. Gbogbo ohun tí a bá gbà sílẹ̀ ló ní iye ọ̀nà tí wọ́n pín ohùn rẹ̀ sí. Ọ̀nà méjì ni stéríò, òsì àti ọ̀tún. Èyí tí wọ́n ń kọ ní 5.1 ní ọ̀nà márùn-ún tó dá dúró: òsì, àárín àti ọ̀tún níwájú, pẹ̀lú òsì àti ọ̀tún mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn ẹni tó ń gbọ́. Ẹyọ kan tó kẹ́yìn nínú 5.1 náà ni ọ̀nà ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo, irú èyí tó máa ń mi àyà ẹni nígbà tí àrá bá sán nínú eré, tí kì í sì í kọjá 120 hertz (hertz ni iye ìgbà tí ìgbì ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Nígbà tí mo ti mọ èyí, mo rí i pé àwọn orúkọ ojú risífà pín sí ìdílé mẹ́ta, àti pé ìdílé kọ̀ọ̀kan ní irú ohùn tí wọ́n ṣe é fún.

Ìdílé kìíní ni ti Dolby Digital àti DTS, tí kì í dá nǹkan kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù ti pín ohùn sí ọ̀nà mẹ́fà kí ó tó dé ọwọ́ wa, wọ́n sì ti fún un pọ̀ kí ó lè gba inú dísìkì. Iṣẹ́ risífà ni kí ó tú u, kí ó sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí spíkà tó ni ín. Dolby Digital dé ilé sinimá ní ọdún 1992, DTS sì tẹ̀lé e ní 1993. Nígbà tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá wọlé, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi í sílẹ̀ bí ẹni tó ṣe é ti ṣe é.

Ìdílé kejì ni mo lo àkókò púpọ̀ jù lé lórí, nítorí pé òun ni yóò máa ṣiṣẹ́ jù nílé wa. Pro Logic II gba ọ̀nà méjì, ó sì wá márùn-ún jáde láti inú rẹ̀. Ohùn tó bá jẹ́ ọ̀kan náà nínú ọ̀nà òsì àti ti ọ̀tún, ó gbà pé àárín ni àyè rẹ̀, ó sì gbé e fún spíkà àárín. Ohùn tó bá wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n tí ìgbì rẹ̀ ń lọ sókè nínú ọ̀kan nígbà tó ń lọ sílẹ̀ nínú èkejì, ó gbé e sẹ́yìn. Èyí kì í ṣe àbá lásán, nítorí pé láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣẹ́ ohùn ti ń fi ọgbọ́n yìí tọ́jú ohùn ẹ̀yìn sínú ọ̀nà méjì tó wà lára fíìmù. Pro Logic àkọ́kọ́, tó dé àwọn ilé ní 1987, ní ohùn ẹ̀yìn kan ṣoṣo tí wọ́n gé kúrò ní 7,000 hertz sókè. Pro Logic II, tó jáde ní 2000, ló sọ ọ́ di méjì tó péye, òun náà ló sì mú ìyàtọ̀ wá láàárín Movie àti Music. DTS Neo:6 ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Lórí àwọn risífà tó dé láti 2014, orúkọ tí a óò rí nípò Pro Logic ni Dolby Surround, bí Atmos, ètò Dolby tó ń mú ohùn ti òkè orí ẹni wá, bá sì wà níbẹ̀, ó ń fẹ́ spíkà tó ń sọ̀rọ̀ láti òkè, èyí tí a kò ní.

Hall, Jazz Club àti Stadium ni ìdílé kẹta. Nínú àwọn wọ̀nyí, risífà a máa ṣe ẹ̀dà ohùn tó wọlé, a dá a dúró fún ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì gbé e jáde kí ó lè dà bí ẹni pé ògiri gbọ̀ngàn ńlá ló ń dá a padà. Kò sí gbọ̀ngàn kankan nínú ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀. Risífà ló ń fi kún un. Mo fi àwo orin dùndún dán an wò, nítorí pé ohun tí ìyáàlù ń sọ gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń gbọ́ ọ. Nínú Stereo, mo lè tẹ̀lé oríkì tí ìyáàlù ń kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú Hall, ìró kan kò tíì parí tí èyí tó tẹ̀lé e fi gùn ún lórí, gúdúgúdú àti àwọn omele sì dàpọ̀ di ariwo kan ṣoṣo. Màmá, tí wọ́n wà ní ilé ìdáná, ló pariwo pé àwọn kò gbọ́ ohun tí ìlù náà ń wí mọ́. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ìlù fi ń sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá pa ààlà wọn rẹ́ ti pa ọ̀rọ̀ náà. N kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi gbọ́ ìlù wa nínú irú móòdù bẹ́ẹ̀.

Ó kù kí n mọ ohun tó ń wọlé láti ibi kọ̀ọ̀kan. Àwọn VCD eré Yorùbá tí Bàbá ti kó jọ látọjọ́ pípẹ́ kò lè ní ju ọ̀nà méjì lọ, nítorí bí wọ́n ṣe ṣètò VCD nìyẹn. DVD lè ní 5.1, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ yàn án nínú àkójọ tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì. Ti tẹlifíṣọ̀n ló yàtọ̀. Wáyà optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, tí a fi so ó mọ́ risífà lè gbé Dolby Digital 5.1, ṣùgbọ́n PCM ni wọ́n fi ètò ohùn rẹ̀ sí láti ilé iṣẹ́, èyí tó ń sọ gbogbo ohùn di ọ̀nà méjì kí ó tó jáde. Mo yí i sí Bitstream, èyí tó ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sí risífà láìtú u, nígbà tí mo sì fi dísìkì tó ní 5.1 sí i, Dolby Digital hàn lójú risífà láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan bọ́tìnì móòdù rárá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àga Bàbá. Wọn kì í jókòó sí àárín. Igun òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni àyè wọn, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀. Nínú Stereo, spíkà òsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń ti jáde sí wọn létí, nítorí pé ohùn tó bá kọ́kọ́ dé etí ni etí ń gbà pé ibẹ̀ ni orísun wà. Pro Logic II Movie gbé ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré fún spíkà àárín tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ohùn sì dúró sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, níbi yòówù kí ènìyàn jókòó sí. Fún eré Yorùbá, tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀ àti òwe ni adùn rẹ̀ wà, n kò mọ móòdù mìíràn tó ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kò sí móòdù tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí risífà kò bá mọ ibi tí spíkà wà. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ni pé mítà kan ń gbà á ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Mo fi téèpù wọn ọ̀nà láti àga dé spíkà kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ iye rẹ̀ sínú ètò risífà kí ó lè dá ti èyí tó sún mọ́ni dúró díẹ̀. Àwọn spíkà wa kéré, nítorí náà mo yan Small fún wọn, mo sì fi ààlà sí 80 hertz, kí gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ sọ́dọ̀ sọ́búwúfà. Ìlànà àwọn oníṣẹ́ ohùn ni pé kí spíkà iwájú méjèèjì yà kúrò ní àárín ní ìwọ̀n dígíríì 30, kí ti ẹ̀yìn sì wà ní nǹkan bíi 110. Àga wa ti fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni mo gbé ti ẹ̀yìn sí, mo sì gbé wọn ga ju etí lọ díẹ̀.

Multi Channel Stereo ń gbé ohùn kan náà jáde láti gbogbo spíkà. Ó dára nígbà tí àlejò bá kún yàrá, tí kò sí ẹni tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n kò yẹ fún eré, nítorí pé ọ̀rọ̀ á máa ti ẹ̀yìn wá.

Risífà yìí máa ń rántí móòdù tí a lò kẹ́yìn fún ihò kọ̀ọ̀kan. Mo fi Pro Logic II Movie sí ihò VCD àti ti tẹlifíṣọ̀n, mo fi ti orin sí Stereo, mo sì jẹ́ kí DVD máa yan Dolby Digital tàbí DTS fúnra rẹ̀. Bàbá wo eré kan nínú ètò tuntun yìí, wọ́n sì bi mí bóyá spíkà ẹ̀yìn ti bàjẹ́, nítorí pé àwọn kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé nígbà tí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá lójú eré, ó lè má sí ohun tó yẹ kó ti ẹ̀yìn wá, àti pé ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ wà lára ohun tí móòdù náà ń ṣe. Mo tan ìró ìdánwò tó wà nínú risífà, ó sì lọ láti spíkà kan sí èkejì títí ó fi dé ti ẹ̀yìn, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n dá eré náà padà síbi tí ó dé.