Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ "afòyemọ̀"

Èyí tí ó burú jù nínú ohun tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ẹ̀pẹ́ ń kọ ni pé ohun afòyemọ̀ ni ohun tí kò sí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi òye nìkan mọ̀, tí ojú, etí, imú tàbí ara kò lè mọ̀, ni afòyemọ̀. Ó wà dáadáa. Ẹ wo gbèsè. Ní Ọjà Olúwo, ọjà ẹja wa ní Ẹ̀pẹ́, ẹja tí wọ́n gbà láwìn ni ojú ń rí, ojú kì í rí gbèsè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tí ó jẹ ẹ́ bóyá ó wà! Èrè náà bẹ́ẹ̀: owó ni ó wà nínú àpò, ìṣirò ni ó ń fi hàn pé èrè wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má pe Ìjàpá inú àlọ́ ní afòyemọ̀. Lóòótọ́, kò sí ahun tí ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹranko tí ó ní ẹsẹ̀ àti igbá ẹ̀yìn ni a ń fojú inú wò. Ohun àtinúdá ni. Ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ gan-an ni afòyemọ̀.

Ẹ má sì pe ẹni tí ó ti kú ní afòyemọ̀ nítorí pé a kò rí i mọ́. Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tí ó sá kúrò níbẹ̀ ní 1851, tí ó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Adé jẹ́ aṣeédìmú. Oyè tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni afòyemọ̀. Ìyàtọ̀ adé àti oyè yìí ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ ọmọ, nítorí ó ń tètè yé wọn.

Ojú nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ohun tí kì í ṣe afòyemọ̀. Ara ń mọ afẹ́fẹ́ ọ̀sà, imú ń gbọ́ òórùn ẹja yíyan, etí ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ojú omi. Kò sí afòyemọ̀ kankan nínú wọn.

Àwọn kan ń wo ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ìfẹ́, ìgbàgbọ́, ìbànújẹ́. Wọ́n á ní gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ tí a fi "ì" ṣẹ̀dá ni afòyemọ̀. Ìgbálẹ̀ tí a fi ń gbá ilẹ̀ ńkọ́? Àwọn mìíràn ní a kì í ka iye afòyemọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ Òfin Mẹ́wàá lórí: afòyemọ̀ ni òfin, a sì ka iye rẹ̀.

Ní ìparí, ẹ má ṣe to ọ̀rọ̀ sí ìsọ̀rí kí ẹ tó ka gbólóhùn rẹ̀. Nínú "Orí ń fọ́ mi", orí tí a ń di gèlè lé ni. Nínú "Orí mi gbè mí", afòyemọ̀ ni. Olùkọ́ tí ó bá kọ "orí" nìkan sójú pátákó, tí ó ní kí ọmọ sọ ìsọ̀rí rẹ̀, kò bi í ní ìbéèrè tí ó pé.